Ohun Tó Ń Tẹ̀lé Ọ̀pá Ẹ̀yìn Tó Ṣẹ́

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1945, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó gbé George Patton, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ológun nítòsí ìlú Mannheim ní Jámánì. Ogun ti parí. Ọkọ̀ náà kò sáré. Àwọn tó jọ wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣèṣe, àmọ́ ọrùn Patton ṣẹ́, kò sì lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà ló kú ní ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Heidelberg. Ọrùn tó ṣẹ́ kọ́ ló pa á ní tààrà. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló rìn lọ dí ọ̀nà mọ́ ọn nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí fún ọ̀pọ̀ ẹni tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn wọn já tàbí tó fọ́. Ẹsẹ̀ tí kò gbéra nílẹ̀ mọ́ ni gbogbo ayé ń wò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú wọn mọ̀ pé ibòmíràn ni ewu fara pamọ́ sí: àpò ìtọ̀, awọ ìdí, ìfun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru lójijì. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2013, wọ́n kọ ọ́ pé láàárín 250,000 sí 500,000 ènìyàn ló ń bọ́ sínú ìṣòro yìí lọ́dọọdún, àti pé ewu ikú àìtọ́jọ́ fún wọn tó ìlọ́po méjì sí márùn-ún ti àwọn ẹlòmíràn. Àárín méjì sí márùn-ún jìnnà síra. Kì í ṣe bí ọ̀pá ẹ̀yìn ṣe fọ́ tó nìkan ló fà á. Ìlú tí èèyàn ń gbé àti ọwọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ń kó ipa tó pọ̀ níbẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ: àwọn àìsàn wọ̀nyí kì í dá wá. Ọ̀kan ló ń ṣílẹ̀kùn fún èkejì, ẹni tó bá sì ń tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yóò máa lé wọn kiri ni.

Okùn tí à ń wí yìí gba inú ihò eegun ẹ̀yìn kọjá láti ìpakọ́ dé ìbàdí. Òun ni ọ̀nà ńlá tí ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ara, òun náà ni ara ń gbà dáhùn. Bó bá já ní ọrùn, tọwọ́ tẹsẹ̀ ló ń bá a lọ. Bó bá já ní àyà tàbí ìbàdí, ẹsẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń sọ pé ìtọ̀ ti kún, pé ìdí ti pẹ́ jù lórí àga, pé kí òógùn jáde, pé kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún tàbí kó tú, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Wọn kì í wà lójú táyé, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n sí títí wọ́n fi dàrú.

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti rí i. Ìwé òrépèté kan wà tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi orúkọ Edwin Smith tó rà á pè lónìí. Oníṣègùn tó kọ ọ́ ṣàpèjúwe ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ yẹ̀, tí kò mọ apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mọ́, tí ìtọ̀ ń dà sí i lára láìmọ̀. Ó ní àìsàn tí a kì í tọ́jú ni. Ká sọ òtítọ́, ìdájọ́ yẹn dúró títí di àná. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rọ nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn kì í lò ju ọdún méjì lọ. Egbò tó ń jẹra àti kòkòrò inú ìtọ̀ ló ń pa wọ́n.

Dókítà Donald Munro ti ń jà fún wọn ní Boston láti àwọn ọdún 1930, àmọ́ ọ̀dọ̀ Ludwig Guttmann ni ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Ọmọ Júù ni, dókítà ọpọlọ àti iṣan, tó sá kúrò ní Jámánì lọ́dún 1939 nítorí ìjọba Hitler. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi wọ́ọ̀dù kan lé e lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní Aylesbury, kó máa gba àwọn sójà tí ọta ìbọn tàbí bọ́ǹbù ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́. Ohun tó ṣe kò jọ iṣẹ́ ìyanu. Ó bọ́ símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dì wọ́n. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yí gbogbo aláìsàn padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Òun fúnra rẹ̀ a máa wọ inú wọ́ọ̀dù lóru láti wò ó bóyá wọ́n yí wọn. Ó tẹjú mọ́ ìtọ̀ wọn, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ àti eré ìdárayá dí wọn lọ́wọ́. Àwọn aláìsàn ń pè é ní Poppa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1948, ọjọ́ tí wọ́n ṣí Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kó àwọn 16 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ológun, ọkùnrin 14 àti obìnrin méjì, jáde láti fi ọfà díje lórí wíìlìṣíà. Inú ìyẹn ni ìdíje Paralympics ti hù, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Róòmù lọ́dún 1960.

Wákàtí méjì méjì. Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀, kò sí oògùn, àmọ́ ó gba èèyàn.

Ìdí tó fi gba èèyàn nìyí. Ẹni tí ara rẹ̀ pé kì í jókòó sójú kan fún wákàtí kan láìyí ìdí padà, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ló ń ta á lólobó. Ẹni tí ìtalólobó yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ yóò máa jókòó lórí eegun ìdí rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rí ọ̀nà dé ibẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹran tó wà láàárín eegun àti awọ ti ń kú. Egbò àdùbúlẹ̀, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní bẹ́dísọ̀, lè ti inú jẹ bọ̀ síta, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi lè kéré nígbà tí ihò abẹ́ rẹ̀ gba odidi ìkúùkù. Ibi tí eegun ti sún mọ́ awọ ló ń kọ́kọ́ mú: òkè ìdí, eegun méjèèjì tí a fi ń jókòó, ìgbáròkó, kókósẹ̀, gìgísẹ̀. Bó bá jẹ dé eegun, eegun náà lè kó àrùn, ìtọ́jú rẹ̀ a sì di ọ̀rọ̀ oṣù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn tí wọ́n kọ lókè òkun ní kí á máa wo ibi tó bá pọ́n. Ara dúdú kì í sábà pọ́n. Níbi tí awọ òyìnbó yóò ti pọ́n, tiwa a túbọ̀ dúdú sí i, a máa dán, a gbóná ju agbègbè rẹ̀ lọ, a le tàbí kó rọ̀ bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀ lábẹ́ ìka. Nítorí náà, ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ojú. Ìyàwó tàbí ìyá tó ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kó fi wò ó láràárọ̀ àti lálaalẹ́: kó fi kan òkè ìdí, kó fi kan itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó mọ èyí tó gbóná ju èkejì. Bí ibì kan bá ti yàtọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ara lé ibẹ̀ mọ́ títí yóò fi padà sípò. Ìṣòro tí wọ́n lè fi ọjọ́ méjì ìdùbúlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ parí nìyẹn, bí wọ́n bá tètè rí i.

Bí wọn kò bá tètè rí i, oríṣiríṣi àdáṣe ló ń tẹ̀lé e. Àwọn kan a tú kápúsù sójú egbò. Àwọn mìíràn a fi rọ́bà inú táyà sábẹ́ ìdí, kí ojú egbò lè bọ́ sínú ihò àárín rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni etí rọ́bà náà ló ń fún ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ wo egbò ọ̀hún sàn. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n rọ omi sí, tí wọ́n fi sábẹ́ gìgísẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kò ṣe nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́; ìrọ̀rí tí wọ́n fi sábẹ́ ọ̀yọ̀ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì rárá sàn jù ú lọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé aláìsàn sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n gbé e ni, kí wọ́n má wọ́ ọ. Wíwọ́ ló ń ya ẹran kúrò lára eegun.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé tálákà nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Christopher Reeve, òṣèré tó ṣe Superman, jábọ́ lórí ẹṣin ní Culpeper ní ìpínlẹ̀ Virginia lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1995. Ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ lókè pátápátá, débi pé ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ó lówó, ó ní nọ́ọ̀sì tọ̀sán tòru, ó ní ìyàwó tó dúró tì í, ó sì di agbẹnusọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn káàkiri ayé. Síbẹ̀, egbò àdùbúlẹ̀ kò yé yọ ọ́ lẹ́nu. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, egbò kan kó àrùn. Lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò nítorí rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó kú lọ́jọ́ 10 oṣù náà, ẹni ọdún 52. Kò yẹ kí á fi ikú rẹ̀ dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ó yẹ kó pa àwọn tó ń fi gbogbo egbò dá ìyàwó ilé lẹ́bi lẹ́nu mọ́.

Àpò ìtọ̀ ni ewu kejì. Nígbà kan, kíndìnrín tó bàjẹ́ ló ń pa wọ́n jù lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àpò náà ń kún láìsí ẹni tó sọ fún ọpọlọ. Nígbà tó bá sì fẹ́ fún ara rẹ̀, iṣan tó dè é lẹ́nu kì í tú sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jìjàkadì, ìtọ̀ a sì padà sẹ́yìn lọ bá kíndìnrín. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe sí i ni rọ́bà ìtọ̀, kátítà, tí wọ́n fi sílẹ̀ lára aláìsàn, tí àpò rẹ̀ so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rọrùn. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń gbé inú èèyàn ń kó kòkòrò wọlé, òkúta ń dì sí i lẹ́nu, ó sì lè jẹ ojú ara tó gba kọjá.

Ní ọdún 1972, Jack Lapides ní Yunifásítì Michigan gbé ohun kan jáde tí ọ̀pọ̀ dókítà kọ̀ láti gbà gbọ́. Ó ní kí aláìsàn máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tú ìtọ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, kó sì fà á jáde. Kò pọn dandan kí wọ́n sè é bí irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ. Kó mọ́ tónítóní ti tó. Àlàyé rẹ̀ ni pé àpò tó kún fọ́fọ́, tó fà gbọọrọ, ni kòkòrò ń rí ààyè ṣe, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò lọ geere lára rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti kọ́. Ẹni náà á fi ọṣẹ fọ ọwọ́, á fi jẹ́ẹ̀lì pa orí rọ́bà, á rọra tì í wọlé títí ìtọ̀ yóò fi máa dà sínú ike, á dúró kó dà tán, á fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti parí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè dá a ṣe lórí wíìlìṣíà rẹ̀ nínú ilé ìyàgbẹ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá fẹ̀ tó, ìyẹn sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ lórí ìtọ̀. Èkíní, àwọn kan a máa sá fún omi mímu nítorí ẹ̀rù kí ìtọ̀ má dà láwùjọ, òkúta àti ìgbẹ́ gbígbẹ á sì gba ibẹ̀ wọlé. Èkejì, wọn a máa ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì gbogbo ìgbà tí àyẹ̀wò bá ti rí kòkòrò nínú ìtọ̀. Ẹni tó ń lo kátítà, kòkòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàìsí nínú ìtọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ibà, tí iṣan kò le sí i, tí ara kò yí padà, kò yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀ ṣáá, ọjọ́ tí àrùn gidi bá dé, oògùn kò ní ràn án.

Ibi tí gbogbo okùn wọ̀nyí ti so pọ̀ ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní autonomic dysreflexia, tí à ń gé kúrú sí AD. Ó ń mú àwọn tí ọgbẹ́ wọn wà láti eegun àyà kẹfà lọ sókè. Nǹkan kan ń bí ara nínú nísàlẹ̀: rọ́bà ìtọ̀ tó ká, ìgbẹ́ tó dì, egbò, bẹ́líìtì tó fún, kódà èékánná ẹsẹ̀ tó hù wọnú ẹran. Ìròyìn ìnira náà gòkè, kò rí ọ̀nà dé ọpọlọ, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ara ti gbọ́, gbogbo wọ́n sì fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ a ru gan-an. Orí a máa fọ́ bí ẹni ń lù ú, ojú á gbóná, òógùn á bo iwájú orí, ìsàlẹ̀ ara á tutù tí irun rẹ̀ á dìde, ọkàn á sì máa lù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè yọrí sí rọpárọsẹ̀ inú ọpọlọ tàbí ikú.

Ewu rẹ̀ tó burú jù ni pé ó lè jókòó síwájú nọ́ọ̀sì kó má dá a mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ máa ń wà nílẹ̀, bíi 90 sí 110 lókè. Bó bá wá di 140, ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ yóò ní kò le jù, á fún un ní parasitámọ́ọ̀lù fún orí fífọ́, á ní kó dùbúlẹ̀ sinmi. Ìdùbúlẹ̀ yẹn gan-an ni kò gbọdọ̀ ṣe. Kí wọ́n gbé e jókòó lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, kí wọ́n tú gbogbo ohun tó fún un lára, kí wọ́n wo kátítà bóyá ó ká tàbí ó dí, kí wọ́n wá wo ìdí bóyá ìgbẹ́ ló dì sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ bímọ pẹ̀lú irú ọgbẹ́ yìí, ìrọbí lè gbé AD dìde, nítorí náà ó yẹ kí àwọn agbẹ̀bí ti mọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ó dùn mọ́ àwọn eléré ìdárayá kan láti fi ewu yìí ṣe agbára. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ru ń mú kí àwọn sáré sí i, wọ́n á wá dí kátítà wọn mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora léṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Paralympics àgbáyé fòfin dè é lọ́dún 1994. Ọmọ aráyé ò ṣeé tán!

Ti ìfun kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń dójú ti èèyàn jù. Ìlànà rẹ̀ ni kí àkókò má yẹ̀: ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ, oògùn tí wọ́n ń fi sí ìdí, ìka tí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ sí láti ta ìfun jí, lójoojúmọ́ tàbí ọjọ́ kejì kejì. Ara ń kọ́ àkókò. Ẹni tí ìlànà rẹ̀ bá dúró lè lọ sí ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí láìbẹ̀rù.

Ẹ̀dọ̀fóró le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, òtútù àyà àti àrùn tó wọnú ẹ̀jẹ̀ ló wà lókè pátápátá nínú ohun tó ń pa àwọn tó ní ọgbẹ́ yìí. Ẹni tí iṣan ikùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò lè wúkọ́ dénú. Olùtọ́jú lè ràn án lọ́wọ́: á gbé ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìhà, á tì í sókè lẹ́ẹ̀kan náà tí aláìsàn bá gbìyànjú láti wúkọ́. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì tó pa Patton, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló léwu jù. Lónìí, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà fún un.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, àwọn ìṣòro mìíràn tí kì í pariwo a yọjú. Eegun tí kò ru ara mọ́ ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pàápàá lágbègbè orúnkún, débi pé yíyí lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí gbígbé sínú ọkọ̀ lásán lè ṣẹ́ ẹ. Aláìsàn kò ní ké. Ẹsẹ̀ tó wú ni wọn yóò kàn rí. Èjìká tó wá di ẹsẹ̀, tó ń ti kẹ̀kẹ́, tó ń gbé odidi ara láti bẹ́ẹ̀dì sórí àga, a máa gbó ṣáájú ọjọ́ orí. Àwọn kan a ní ìrora níbi tí wọn kò ti mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tó ń jó wọn lábẹ́ ìbàdí tọ̀sán tòru; iṣan ló ń purọ́ fún ọpọlọ, oògùn ìrora tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà kì í sì í ràn án. Bí eegun bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú ẹran ìgbáròkó ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, tí oríkèé le, kì í ṣe fífi ipá nà án ló kù.

Ẹsẹ̀ tó ń jà ló sábà ń tan ẹbí jẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ tó ti rọ jọwọrọ a bẹ̀rẹ̀ sí í ta, a máa gbọ̀n, a le gbagidi. Ìyá á fi ìdùnnú sọ pé ó ti ń padà bọ̀. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ okùn ló ń dá ṣe láìgba àṣẹ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ó ní ìwúlò kan tí àwọn onífisiò máa ń tẹnu mọ́: bí ẹsẹ̀ tó ti ń jà níwọ̀nba bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jà kíkankíkan, nǹkan wà nísàlẹ̀. Ìtọ̀ ti kó àrùn, tàbí òkúta wà níbẹ̀, tàbí egbò kan ti ń jẹ láìmọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń jà yẹn náà á sì máa fi gìgísẹ̀ ha bẹ́ẹ̀dì títí egbò tuntun yóò fi yọ. Bí ọ̀kan ṣe ń pe èkejì nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ohun tó ń fa ọgbẹ́ yìí kò ṣàjèjì. Ìjàǹbá ojú pópó ló síwájú, mọ́tò àti ọ̀kadà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó jábọ́ lórí igi, àwọn tí igbà já mọ́ lórí ọ̀pẹ, àwọn tí ògiri wó lù, àwọn tí ìbọn bà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè wọ eegun ẹ̀yìn, kó jẹ ẹ́ títí tí okùn inú rẹ̀ yóò fi tẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn wà nílẹ̀. Ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì, l'Ékòó, ti wà láti 1945, àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún. Látúndé Odékù, ọmọ Awẹ́, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé.

Kí ló bá a dé ilé? Ooru. Ara tí ọgbẹ́ ọrùn bá kò lè làágùn nísàlẹ̀, nítorí náà ó ń gbóná bí ilé bá gbóná. Bí iná bá lọ tí fáànù dúró ní oṣù Kẹta, ara rẹ̀ lè gbóná débi tí wọn yóò fi pè é ní ibà. Wọ́n á ra oògùn ibà. Bó bá jẹ́ ooru ni, omi tútù tí wọ́n wọ́n sí i lára àti afẹ́fẹ́ ni ìwòsàn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìtọ̀ ló kó àrùn, tàbí egbò, tàbí eegun tó ti ṣẹ́ láìmọ̀, ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi lo oògùn ibà ti ṣòfò. Ibà gidi lè mú wọn o, ta ni ẹ̀fọn kì í jẹ? Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pè é ní ibà, kí wọ́n yẹ ìdí wò, kí wọ́n yẹ kátítà wò, kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wò. Bákan náà, omi gbígbóná tí wọ́n fi ń jó ẹsẹ̀ tó rọ ń bó awọ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀.

Ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí jẹ́ obìnrin kan nínú ẹbí lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ló ń dìde lóru lẹ́ẹ̀mẹta, òun ló ń fọ aṣọ, òun ló fi ọjà sílẹ̀. A kì í kọ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì. Òfin tó sọ ìbánigbófò ìlera di dandan jáde lọ́dún 2022, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹbí ṣì ń fi owó ara wọn ra kátítà, ìbọ̀wọ́ àti pádì. Òfin tó ka ìyà fún ẹni tó bá fi àléébù ara yan ènìyàn nípọ̀sì, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ojú ọ̀nà fún wíìlìṣíà. Ọdún márùn-ún náà ti kọjá. Àtẹ̀gùn ṣì wà níwájú ọ̀pọ̀ báǹkì, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn pàápàá. Ẹni tí kò lè jáde ń dùbúlẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ń bí egbò, egbò ń bí ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì kò sì ní rántí yí ìdí padà.

Yínká Ayéfẹ́lẹ́ wà lára ẹ̀rí pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Oníròyìn ni ní Radio Nigeria Ìbàdàn nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Orí wíìlìṣíà ló ti kọ orin tó gbé e jáde, Bitter Experience, tó sì ti ń kọrin lóde àríyá láti ìgbà náà. Ó dá iléeṣẹ́ rédíò sílẹ̀, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Àwọn èèyàn ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Lójú àwọn tó mọ ìdí iṣẹ́ yìí, irú ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀ gba ìtọ́jú tí ẹnikẹ́ni kì í rí lórí ìtàgé: awọ, ìtọ̀, ìfun, lójoojúmọ́ fún ohun tó lé ní ọdún 25.

Ìbéèrè tí àlejò kọ́kọ́ ń bi ẹbí ni: ṣé yóò tún rìn? Lọ́dún 2004, Kim Anderson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde nínú èyí tó ti bi ènìyàn 681 tó ní ọgbẹ́ yìí ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó kọ́kọ́ padà sípò. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn rọ ní ọwọ́ ni. Nínú àwọn tí ẹsẹ̀ nìkan rọ, ìbálòpọ̀ ló gba ipò kìíní. Àwọn méjèèjì ka ìtọ̀, ìgbẹ́ àti AD sí ohun tó ṣe pàtàkì gan-an, ìrìn kò sì sí ní ipò kìíní lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ ARC-EX, tó ń rán iná mànàmáná gba awọ ọrùn kọjá láti ta ọwọ́ jí. Ọwọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ní ti ìtọ̀, rọ́bà tí Lapides ní kí wọ́n máa fi sí, kí wọ́n máa fà yọ, lọ́dún 1972 náà ṣì ni ohun tí àwọn dókítà ń kọ́kọ́ tọ́ka sí.